“Olúwa ló sọ fún mi”: ìdí tí ìtàn ìfẹ́ rẹ fi dúró ní orí keje

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé, ní Adátán. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ ìtàn ìfẹ́ àwọn onígbàgbọ́ méjì, arábìnrin akọrin kan àti arákùnrin tó ń tẹ dùrù. Orí kìíní dé ìkẹfà rọrùn. Mo ń gbàdúrà, ó sì ń wá. Ó dé orí keje, ó dúró. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbààwẹ̀ lé e, mi ò rí ìmísí kankan. Ẹ jọ̀ọ́, mà, níbo lẹ ti ń rí tiyín? Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń pè é sí yín létí? Báwo ni ìgbésí ayé akọ̀wé ṣe rí gan-an? Báwo lẹ sì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láìba ẹ̀rí yín jẹ́ nínú ìjọ? Nítorí àwọn kan ti ń bi mí bóyá èmi ni arábìnrin inú ìwé yẹn.”

Àbúrò mi, mo ti ka orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè rẹ. Àárọ̀ Sátidé ni, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí n wo ojú ìwé kan péré kí n tó gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà ọ̀hún di ti ọ̀sán. Ibi tí arábìnrin yẹn ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ akọrin rẹ̀ torí pé kò sí iná, tí omijé rẹ̀ kán sórí irin gbígbóná tó sì dún ‘ṣíì’, mo pe ọkọ mi kó wá gbọ́ ọ. Ẹni tó lè kọ ìyẹn, a kì í tù ú nínú. Nítorí náà, mi ò ní tù ọ́ nínú.

Ìmísí kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Orí kẹta ló pa ìtàn náà, òkú rẹ̀ ni o sì ti ń gbé kiri láti orí kẹrin.

Wò ó. Ní orí kẹta, arákùnrin tó ń tẹ dùrù lọ sí ìṣọ́-òru, oorun gbé e lọ díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó rí arábìnrin náà nínú aṣọ funfun pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́, ohùn kan sì sọ fún un pé, “Aya rẹ nìyí.” Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá pásítọ̀, pásítọ̀ ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní orí kẹrin, arábìnrin náà lá àlá kan náà, fìtílà kan náà. Orí karùn-ún, ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Orí kẹfà, wọ́n lọ ra aṣọ ẹbí ní Ìtòkú, aláṣọ dá iye lé e, wọ́n ná an, wọ́n sanwó, wọ́n padà sílé. Kí ni o wá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ní orí keje? Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀, pásítọ̀ ti fọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì ti gbà, aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń fẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Bí o gbààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́, kí ni yóò jáde níbẹ̀?

Kí o má baà lọ sọ ní ìjọ pé ìyá onítàn kan ní Ìbarà ní Ọlọ́run kì í sọ̀rọ̀ mọ́: ó ń sọ̀rọ̀. Ọkọ tèmi náà wá bá mi nígbà yẹn, ó wọ kóòtù nínú oòrùn oṣù kẹta, ó ní Olúwa ti sọ fún òun nípa mi. Mo ní, “Ó dáa, bọ̀dá. Bí Olúwa bá ti sọ fún èmi náà, màá jẹ́ kí ẹ gbọ́.” Oṣù mẹ́rìnlá ló fi dúró. Nínú oṣù mẹ́rìnlá yẹn, kò tún mẹ́nu ba ìran náà mọ́. Ó wá bá màmá mi tún páànù ilé ìdáná ṣe lẹ́yìn ìjì. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí gbogbo èèyàn. Ẹnu tó pa mọ́ yẹn ló fà mí. Bí mo bá fẹ́ fi kọ ìwé, ìran yóò gba gbólóhùn kan, oṣù mẹ́rìnlá yóò gba igba ojú ìwé.

Lọ tún Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrìnlélógún kà, ṣùgbọ́n kà á bí akọ̀wé. Ìránṣẹ́ Ábúráhámù ń gbàdúrà létí kànga, kó tó sọ̀rọ̀ tán, Rèbékà ti yọ pẹ̀lú ìṣà omi léjìká. Àmì tó tọrọ gẹ́lẹ́ ló rí: ọmọbìnrin náà fún un lómi mu, ó sì tún ń pọn fún àwọn ràkúnmí. Ràkúnmí mẹ́wàá ni o. Ìwọ tí o ti fi garawa pọnmi rí, o mọ irú iṣẹ́ tí ìyẹn jẹ́. Àmì wo ló tún kù? Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ẹbí ní kí ọmọ àwọn ṣì dúró díẹ̀ sí i, bí ọjọ́ mẹ́wàá, tí ìránṣẹ́ sì ní kí wọ́n má dá òun dúró, wọ́n ní kí wọ́n pe ọmọ náà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. “Ìwọ ó bá ọkùnrin yìí lọ?” Ó ní, “Èmi ó lọ.” Ẹsẹ kejìdínlọ́gọ́ta nìyẹn. Gbogbo àdúrà, gbogbo wúrà, gbogbo ràkúnmí tó mumi yó, kò sí èyí tó bá a dáhùn. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìtàn ìfẹ́ wa ń gbé. Arábìnrin tìrẹ, ta ló bi í?

Bíbélì kò bẹ̀rù ìdínà bí ìwọ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Jákọ́bù sin ọdún méje nítorí Rákẹ́lì, Léà ni wọ́n mú wá fún un lóru, ó tún sin ọdún méje mìíràn. Bóásì ńkọ́? Ní òru tí Rúùtù wá bá a ní ilẹ̀ ìpakà, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn, ó sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ìbátan kan wà tó sún mọ́ ọn ju òun lọ. Ó lè dákẹ́. Ká ní ìwọ lo kọ ọ́ ni, ìbátan yẹn ìbá ti kú ní orí kìíní, kí ọ̀nà lè mọ́ fún Bóásì.

Jẹ́ kí n fún ọ ní nǹkan kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ní orí kìíní rẹ, o kọ ààbọ̀ gbólóhùn kan pé bàbá arábìnrin náà ti kó kúrò nílé láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. O kọ ọ́, o sì gbàgbé ẹ̀. Ó dà bí ẹni tó rí owó nílẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ká ní bàbá yẹn náà ni ó sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́sí pé, “Olúwa ló sọ fún mi”? Ká ní ìyá rẹ̀ máa ń tún gbólóhùn yẹn sọ nígbà tó bá ń ṣa ẹ̀wà, láìbínú, bí ẹni ń ka orúkọ àdúgbò? Lọ́jọ́ tí arákùnrin tó ń tẹ dùrù bá wá la ẹnu rẹ̀, tó wọ kóòtù, tó ní Olúwa ló sọ fún òun, kí ni arábìnrin wa yóò gbọ́? O rí i pé o kò nílò ọmọkùnrin olówó láti Èkó tàbí ìyá ọkọ tó burú. Òtítọ́ ni arákùnrin náà sọ. Ó lè jẹ́ pé Olúwa sọ fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó lò, ọ̀rọ̀ náà ló kó wọ inú ilé ọmọbìnrin yẹn nígbà kan tó fọ́ ọ. Báwo ni yóò ṣe wá rí ọ̀nà mìíràn sọ ohun kan náà? Ìwé rẹ nìyẹn. Ó lè gba orí ogún.

Gbólóhùn kan náà yẹn ló sì mú ìwọ fúnra rẹ mọ́lẹ̀. O bi mí bóyá Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń pe ìtàn sí mi létí. Rárá o. Bó bá ṣe pé òun ló ń pè é ni, àṣìṣe kì bá tí sí nínú ìwé mi, ó sì kún ibẹ̀. Nínú ìwé mi kẹta, mo ní ọkọ̀ ojú irin gbéra ní Lafẹ́nwá ní aago kan tí ọkọ̀ kankan kì í gbéra níbẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi báírò pupa fàlà sí i. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé bí Ẹ̀mí ṣe fi fún mi nìyẹn?

Ẹnìkan wà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ọ̀dọ́bìnrin kan mú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wá kí n bá òun wò ó. Mo ka oṣù tó wà nínú rẹ̀ lórí ìka, mo rí i pé ìyàwó inú ìtàn yẹn ti lóyún fún oṣù mọ́kànlá. Mo pe àkíyèsí rẹ̀ sí i jẹ́jẹ́. Ó ní bí òun ṣe gbà á nìyẹn, òun kò lè yí i padà. Mo pa fáìlì dé, mo bù ú lómi mu. Bí akọ̀wé bá ti ní Olúwa ló sọ, olóòtú ti di ọ̀tá Ọlọ́run nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì lè ran ìwé ọ̀hún lọ́wọ́ mọ́.

Lúùkù tó kọ Ìhìnrere, gbogbo wa gbà pé ìmísí wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ka ẹsẹ mẹ́rin tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun wádìí ohun gbogbo fínnífínní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí òun lè kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ó bi àwọn èèyàn léèrè. Ó tò ó. Bí Lúùkù bá ṣèwádìí, èmi ta ni? Àdúrà tí mo máa ń gbà kí n tó kọ̀wé kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: “Olúwa, má jẹ́ kí n parọ́ lónìí.” Lẹ́yìn náà màá ṣí ìwé.

Níbo ni mo ti ń rí ìtàn? Ojú ni mo fi ń rí i. Ó lé lógún ọdún báyìí tí mo lọ ra ata ní ọjà Lafẹ́nwá. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ tó ń ta gààrí àti láfún, àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì. Ó tó wákàtí kan tí mo fi wà nítòsí wọn, wọn kò bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní ìjà ni. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe ń yí, ni ọkùnrin náà ń dìde, á sún agbòòrùn ńlá yẹn síwájú díẹ̀, kí òjìji rẹ̀ má baà kúrò lórí ìyàwó rẹ̀. Orí tirẹ̀ wà nínú oòrùn gbangba. Obìnrin náà kò wò ó, kò kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìgbà tó dìde. Mo délé láìra ata. Ìbéèrè méjì ni mo kọ sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín wọn tí wọn kì í fi í sọ̀rọ̀? Bí ọkùnrin yìí bá kú, ta ni yóò máa sún agbòòrùn? Ìwé mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó yẹ kí n padà lọ bi wọ́n, mo ní n kò lọ. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ọ̀fun ló ń dun ìyá náà ńkọ́?

Ìgbéyàwó kò sì wọ́n ní ìlú yìí. Lọ jókòó sí ibi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ṣùgbọ́n gbàgbé ìyàwó. Ìyàwó ọjọ́ náà kò ráyè ronú nǹkan kan. Wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo èèyàn lọ nígbà tí alága ìdúró ń dápàárá. Wo ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wọn, ibi tí ojú rẹ̀ wà. Wo ìyá tó ń gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, tó ń súre lọ geere, tí ohùn rẹ̀ wá gé nígbà tó dé “o kò ní rí irú èyí tí mo rí”. Mo ti rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbólóhùn kan náà. Mo ní ìwé pélébé kan tó máa ń wà nínú báàgì mi fún un. Má lo fóònù níbẹ̀, wọ́n á rò pé o ń ya fọ́tò wọn.

Ohun kan bí mi nínú nínú iṣẹ́ rẹ. Bí àwọn èèyàn rẹ bá ń jà, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá tó ń ta bí ata. Bó bá wá di ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọ́n á bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó wọlé sí kóòtù. Nínú ìlú yìí kẹ̀! Abẹ́òkúta ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, kí ìwé kíkà lè mọ́ àwọn èèyàn lára. Crowther náà, tó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, ìlú yìí ló ti tún rí ìyá rẹ̀. Wọ́n kó wọn lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé lóṣù kẹjọ 1846, ó ti tó ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn. Ó kọ bó ṣe rí sílẹ̀. Ìyá náà gbọ̀n nígbà tó rí i, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn, omijé ń dà lójú ìyá. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi máa ń pe Crowther pè é. Wọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn.

Ọkùnrin yìí ti tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, kò sí ẹni tó lè ní ọ̀rọ̀ wọ́n ọn. Nígbà tí ìfẹ́ dé ojú ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ àti orúkọ ló rí kọ sílẹ̀. Mo ti jí méjèèjì lò láti ìgbà náà, kò sí ìwé mi tí kò sí níbẹ̀. Gbìyànjú rẹ̀. Láti ọdún méjì ni arákùnrin rẹ ti ń pe ọmọbìnrin yìí ní “Sístà”. Jẹ́ kí ìdánrawò akọrin parí lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí òkùnkùn ṣú, kí ó máa ká wáyà dùrù, kí ó sì wí láìgbójú sókè pé, “Àbẹ̀kẹ́, ẹ rọra, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ yẹn.” Orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ nìkan fi ń pè é nílé. Ta ló sọ fún un? Parí orí náà síbẹ̀. Bí o bá tún fẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, Bíbélì wa tó pé ní 1884 ní in: “Olùfẹ́ mi ni tèmi, èmi sì ni tirẹ̀.” Gẹ̀ẹ́sì wo ló jù bẹ́ẹ̀?

Ìgbésí ayé akọ̀wé tí o béèrè, kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí, kí ilé tó jí, kí aládùúgbò wa tó tan rédíò rẹ̀. Báírò àti ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni mo fi ń kọ ọ́, torí pé kò sí bátìrì tó ń kú nínú ìwé. Sátidé ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bí iná bá wà. Ọ̀rọ̀ 500 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ṣírò rẹ̀: 2,500 lọ́sẹ̀ kan, 60,000 ní ọ̀sẹ̀ 24. Ìwé kan nìyẹn. Yóò burẹ́wà, bẹ́ẹ̀ sì ni, àtúnkọ ni iṣẹ́ gan-an, ó sì máa ń pẹ́ ju kíkọ lọ. Ìwọ tí o ní láti dé kíláàsì ní kùtù, 300 tó ọ. Ọ̀sẹ̀ 40 ni yóò gbà ọ́ láti dé iye kan náà, ọdún kan kò tíì pé. Àṣírí kan ṣoṣo tí mo ní ni pé alẹ́ ni mo ti ń wá gbólóhùn àkọ́kọ́ ti ọ̀la, nígbà tí mo bá ń fọ abọ́. Bí n kò bá rí i kí n tó sùn, ìdájí yóò korò.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Gbà á fún ọkàn rẹ. Nítorí orí keje, jẹun.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara. Kò sí àríyànjiyàn nípa ilẹ̀kùn yàrá: nínú irú ìwé tiwa, a kì í ṣí i fún òǹkàwé. Ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́ rí. Ohun tó ń dí ìwọ lọ́wọ́ ni pé ẹ̀rù bà ọ́ débi pé àwọn èèyàn rẹ kò lára mọ́. Wọn kì í làágùn, wọn kì í rùn, wọn kò lọ́wọ́. Ní orí karùn-ún, o gbé àwọn méjèèjì sórí ọ̀kadà kan ṣoṣo láti Kútọ̀ lọ Pànṣẹ́kẹ́. Arákùnrin àti arábìnrin tí wọn kò tíì fẹ́ra wọn, orí ọ̀kadà kan, ọ̀nà tó ní kòtò! Kí ni o wá sọ fún mi? Iye tí wọ́n san fún ọlọ́kadà. Níbo ni arábìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sí? Ṣé àárín àwọn méjèèjì ló fi í sí, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni di ògiri mú? Nígbà tí kòtò dé, kí ló ṣe báàgì náà? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àfi èémí tó há.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Orin Sólómọ́nì bẹ àwọn ọmọbìnrin Jerúsálẹ́mù pé kí wọ́n má ru ìfẹ́ sókè títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó. A kì í fi ẹ̀ẹ̀mẹta kìlọ̀ fún ọmọdé nípa omi tó tutù. Ilẹ̀ ìpakà Bóásì náà wà níbẹ̀: Náómì ní kí Rúùtù wẹ̀, kó fi òróró para, kó wọ aṣọ rẹ̀, òru ni, ó sùn síbi ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó dìde kí ẹnìkan tó lè dá ẹnìkejì mọ̀, ó sì gbé òṣùwọ̀n ọkà bálì mẹ́fà padà sílé. Ẹni tó kọ ọ́ kò bo òru náà mọ́lẹ̀, kò sì bọ́ aṣọ lára ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n tèmi ni pé kí ìyá ìjọ kan ka ojú ìwé yẹn, kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó pa ìwé dé díẹ̀, kí ó wo iwájú wo ẹ̀yìn, kí ó tún ṣí i.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé kò ní kó ọ sí wàhálà. Nínú ọ̀kan nínú ìwé mi, ọmọbìnrin díákónì kan sùn síbi tí kò yẹ kí ó sùn, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pè mí sí ìpàdé nínú ìjọ tí mo wà nígbà yẹn, wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ ná. Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn yẹn dára fún akọ̀wé ju bí o ṣe rò lọ. Orí àwọn èèyàn ló ń sọ òtítọ́ nípa wọn, kì í ṣe ojú.

Ní ti àwọn tó ń bi ọ́ bóyá ìwọ ni arábìnrin inú ìwé, sọ fún wọn pé ìwọ ni. Èmi máa ń sọ pé èmi ni gbogbo wọn, títí kan olè àti òbúkọ. Bí o bá ń mú nǹkan lára ẹni gidi, mú ibi tó ń dùn ún, fi ẹni náà sílẹ̀: yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, yí ìlú rẹ̀, yí iye ọmọ rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá bá mi jà lórí ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo, pé àwọn ni mo kọ. Ẹni tí mo kọ gan-an ra ẹ̀dà mẹ́rin, ó pín in fún àwọn àbúrò rẹ̀, ó ní irú èèyàn báyìí pọ̀ láyé.

Ìtẹ̀wé, má tíì rò ó. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ni mo tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, atẹ̀wé sì dorí ojú ìwé mẹ́rìndínlógún kodò ní àárín gbùngbùn ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi. Bí àkókò bá tó, Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà mẹ́tàlá tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí o bá sì fẹ́ máa fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp lọ́rọ̀ọ̀sẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ, kọ ọ́ tán ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn òǹkàwé á bá ọ fa ọmọ fọ́kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Má fi orí keje ránṣẹ́ sí mi. Orí kẹta ni mo fẹ́ rí, kí oṣù yìí tó parí. Fi àlá náà sílẹ̀ fún arákùnrin yẹn bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n yọ ọ́ kúrò lójú oorun pásítọ̀, kí o sì jẹ́ kí arábìnrin wa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà láìrí nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá rẹ̀ máa ṣa ẹ̀wà.